Ohùn Bàbá Mi Létí Pápá

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò wa nílùú Ìlá irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́, wọ́n á ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi àlùmágàjí gé aṣọ oníbàárà gba ibi tí kò yẹ, kí bàbá mi má sọ ju "Subuhánalláhì" lọ, kó fọwọ́ nu orí, kó sì máa wá ọ̀nà tí yóò fi tún un ṣe. Nílé, tó bá fẹ́ bá wa wí, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, débi pé a ní láti dákẹ́ pátápátá ká tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá mi máa ń fi yangàn pé òun ò tíì gbọ́ kí ọkọ òun pariwo láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Kò tíì tẹ̀lé e dé orí pápá ni.

Èmi ni àkọ́bí. Ìyá Kékeré ni bàbá mi ń pè mí, nítorí pé kò pẹ́ tí ìyá tó bí i kú ni wọ́n bí mi. Mo wà ní Jẹ́ẹ̀sì Tuu nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa pé kó máa kọ́ wa ní eré ìdárayá. Kó tó dé, koríko la máa ń gé ní àkókò eré ìdárayá. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé àwa ọmọbìnrin náà yóò máa gbá bọ́ọ̀lù. Ó tò wá sórí ìlà, ó ní ká sáré, ó ń yí bọ́ọ̀lù sí wa lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú àwọn tó wù ú. Mo yára, ó mú mi. Ó tún mú ọ̀rẹ́ mi kan tó ga fíofío, ọmọ Ìresì tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlá, ó fi í ṣe aṣọ́lé.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún bàbá mi. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, mi ò sì rí ọmọbìnrin kankan nínú ẹbí wa tó wọ ṣòkòtò péńpé jáde rí. Mo kọ́kọ́ bá ìyá mi sọ ọ́. Ìyá mi ní òun ò ní bá mi gbé ẹjọ́ yẹn dé iwájú ẹnikẹ́ni, kí n lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù fúnra mi. Mo bá a níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ibo ni wọ́n fi ọ́ sí?"

"Wọ́n ní kí n máa sá létí ìlà ọ̀tún, níwájú."

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún," ni bàbá mi wí. Ó tún un sọ bí ẹni tí wọ́n fi oyin sí lẹ́nu. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Dìde dúró dáadáa, Ìyá Kékeré."

Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó wọn mí láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó rán ṣòkòtò gígùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún mi tí n óò máa wọ̀ sábẹ́ péńpé, ó sì rán hìjáàbù kékeré kan tó fi rọ́bà sí etí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i nígbà tí mo bá ń sáré. Ó ní kí n wọ̀ ọ́, kí n sá láti iwájú ṣọ́ọ̀bù dé ìdí òpó iná, kí n sá padà. Kò ṣí. Ó ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ohun tó o wọ̀, sọ pé bàbá rẹ ló rán an." Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọkùnrin tí mò ń sọ. Kò sí bàbá mìíràn ládùúgbò wa tí ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ bá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn gbá, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá. Ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí pápá, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ìṣe rẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn kan tí n ò mọ̀ rí.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! Ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! Ó ti bọ́ sí gbangba! Gbé e wọ ààrin! Gbé e wọ ààrin kíákíá! Padà sẹ́yìn! Ta ló ní kí o padà sẹ́yìn?"

Mo wẹ̀yìn. Bàbá mi ni. Ọwọ́ tó ká sẹ́yìn ti wà lókè, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ohun tó tilẹ̀ ṣe mí ní kàyéfì jù ni pé kì í ṣe èdè ilé wa ló ń sọ. Ìgbómìnà pọ́nńbélé là ń sọ nílé wa. Èyí tí mo gbọ́ létí pápá yìí jẹ́ Yorùbá orí rédíò, ti àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù, tó máa ń yára bí omi òjò nínú gọ́tà.

A borí lọ́jọ́ náà, inú gbogbo wa dùn. Àwọn òbí tó kù yí bàbá mi ká, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan ní, "Àlàájì, ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù rí o!" Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kóòṣì. Olùkọ́ wa, tó jẹ́ kóòṣì gan-an, wà níbẹ̀, ó ń kó bọ́ọ̀lù sínú àpò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Kò sí eré wa kan tí bàbá mi kì í wá. Nígbà tí àwọn òbí yòókù rí i pé ẹni jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pariwo, àwọn náà rí àyè. Ní ìdajì sáà yẹn, abẹ́ igi máńgòrò ti kún. Kálukú ń pe orúkọ ọmọ tirẹ̀. Ìyá ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ń bá rẹfirí jà. Bàbá ẹlòmíràn ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fún ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù, kó máa dá a gbé lọ. Bàbá mi ló sì máa ń gbé ohùn ju gbogbo wọn lọ.

Olùkọ́ wa kọ́ wa pé bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ wa, ká gbé ojú sókè, ká wo ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ká fún un. Mo ń gbé ojú sókè lóòótọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni mò ń wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ bàbá mi wà lókè tàbí nílẹ̀, bóyá ó ti gbá orí mú. Nígbà tí n óò bá fi mọ̀, wọ́n á ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi aṣọ́lé, tó ń rí gbogbo wa láti ẹ̀yìn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi.

"O kì í wo bọ́ọ̀lù mọ́," ó ní. "Bàbá rẹ lò ń wò."

"Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń pariwo ni?"

Kò sí ẹni tó ń wá wo eré ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ àgbà kò lè rìn jìnnà, bàbá rẹ̀ sì ti lọ sí Èkó láti ìgbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ló ń pariwo mọ́, ǹ bá gbà." Mo rò lọ́kàn mi pé bó bá ṣeé ṣe, kó gba tèmi fún ọjọ́ kan péré, kó sì yá mi ní dídákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀.

Eré tí a lọ gbá ní Ọ̀rà ni mi ò lè gbàgbé. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé wa lọ, bàbá mi sì gun alùpùpù rẹ̀ tẹ̀lé wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, a jọ wà ní ọ̀mì ayò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ mi lẹ́nu ilé wọn, rẹfirí ní pẹ́náritì. Olùkọ́ wa nawọ́ sí mi pé kí n gbá a. Mo gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Gbogbo pápá dákẹ́. Mo ti pinnu lọ́kàn mi ibi tí mo fẹ́ gbá a sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn bàbá mi:

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ! Gbá a sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ, nílẹ̀ẹ́lẹ̀!"

Ẹ dákun, Yorùbá ni aṣọ́lé Ọ̀rà náà ń gbọ́. Mo rí i tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn sí ẹ̀gbẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́. Bí mo bá gbá a sí òsì, bọ́ọ̀lù á wọlé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, bàbá mi sì ti sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ayé. Mo gbá a sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ yẹn kàn dùbúlẹ̀ lé e bí ẹni tó fẹ́ sùn ni.

Nínú bọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó bá mi wí. Ó tilẹ̀ sàn kí wọ́n bá mi wí. Nígbà tí a délé, ìyá mi gbé iṣu àti ẹyin kalẹ̀. Bàbá mi jókòó tì mí, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí jẹ́jẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé èyí wá, ó yẹ kí n ti ṣe báyìí. Nígbà tí wọ́n gbé tọ̀hún wá, ó yẹ kí n ti ṣe tọ̀hún. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa pẹ́náritì náà. Mò ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà," iṣu sì ń tutù.

"Bàbá wọn," ni ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ ọmọ jẹun."

"Mo ń kọ́ ọ ni."

"Mo gbọ́. Kó jẹun tán ná."

Lẹ́yìn ìyẹn ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ tí a máa gbá bọ́ọ̀lù bá ti mọ́, inú mi á máa lọ́ mi, ohunkóhun tí mo bá jẹ á padà jáde. Ìyá mi fún mi ní àgbo. Bàbá mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó lè jẹ́ taifọ́ọ̀dù, wọ́n fún mi lóògùn. Mo lò ó tán. Ọjọ́ eré tó tẹ̀lé e, mo tún bì. Bàbá mi ń káàkiri, ó ń bi gbogbo ẹni tó mọ egbòogi. Ó fẹ́ràn mi, ó sì ń wá ohun tó ń ṣe mí káàkiri ibi gbogbo.

Ìyá mi ló rí i. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bàbá mi ní láti lọ ra aṣọ ní Òṣogbo nítorí iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó kan tó gbà. Kó tó jáde nílé, ó ti sọ fún mi pé òun ò ní lè wá. Mo jẹ ẹ̀wà àárọ̀ ọjọ́ náà, mo tún béèrè sí i. Ìyá mi bù ú fún mi, ó ń wò mí. Mo lọ sí pápá, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, bọ́ọ̀lù dùn mọ́ mi bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ góòlù kan tí ọ̀rẹ́ mi ṣì máa ń mẹ́nu bà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yí ojú sí abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn òbí ẹlòmíràn wà níbẹ̀, wọ́n ń fò sókè. Àyè tí bàbá mi máa ń dúró sí ṣófo. Ó dùn mí. Mi ò fẹ́ kó wá, mo sì fẹ́ kó ti rí i. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe lè fẹ́ nǹkan méjèèjì pọ̀ nígbà náà, n ò sì tíì mọ̀ ọ́n dáadáa títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá mi bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Mò ń fọ abọ́ ní ìtòsí, kò sì sí ẹni tó lé mi.

"Bàbá wọn, mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín."

"Kí ni?"

"Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ni."

Bàbá mi kọjú sí i. Ìyá mi ní, "Ẹ̀rù yín ló ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀yin ti inú ilé. Ẹ̀yin ti orí pápá ni. Mi ò mọ ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi nípa rẹ̀ lọ́jà."

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò burú," ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá sí eré wa mọ́. Bí mo bá ń lọ sí pápá, mo máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Á ní, "Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ," kò ní gbé ojú sókè. Inú mi kò run mọ́, ṣùgbọ́n mò ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó jalè.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí a ti sáré tán, ó jẹ́ àṣà pé kí àwọn bàbá akẹ́kọ̀ọ́ bá àwọn olùkọ́ gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún ẹ̀rín. Gbogbo òbí ni wọ́n pè, nítorí náà bàbá mi wá. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tó máa gbá, ẹnì kan rí i.

"Kóòṣì! Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn? Ẹ bọ́ síta!"

"Rárá o," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀yin ẹ máa gbá a."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ni kó wá gbá a!" Wọ́n fà á dìde. Gbogbo òbí tó máa ń dúró sábẹ́ máńgòrò ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi bọ́ jàlàbíà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sì wọ inú pápá. Wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn rò pé àwàdà ló ń ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èkejì, ó tẹ orí bọ́ọ̀lù, ó fi ìdí jókòó. Ẹ̀rín náà pọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n wá mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ìgbà náà ni àwọn bàbá tó kù létí pápá bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí i lára, pẹ̀lú ohùn rédíò rẹ̀ gan-an: "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! Gbé e wọ ààrin! Ta ló ní kí o padà sẹ́yìn?"

Mo dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Ní ìparí, bọ́ọ̀lù yí wá sí iwájú bàbá mi lẹ́nu ilé àwọn olùkọ́. Aṣọ́lé wọn ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilé ṣófo gbáà. Gbogbo pápá ń ké pé kó gbá a, kó gbá a. Mo rí ojú rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Kò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Ó fi gbogbo agbára ju ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà fò kọjá lórí bọ́ọ̀lù, ó sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí yangí. Ó ké. Kì í ṣe Yorùbá rédíò ló fi ké. Ìgbómìnà ló fi pe ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rín bú jáde. Èmi kò mọ ìgbà tí mo ti pariwo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá! Ẹ pẹ̀lẹ́!"

Ọ̀rẹ́ mi gbà á lẹ́nu mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!" Kó tó di pé a mọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ti ń ké e: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ rọra o, sà! Ẹ kú ìṣubú o!" A kò fi kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Bí àgbàlagbà bá ṣubú lójú ọmọdé, kí lọmọdé tún lè wí? A ò lè bi í pé ṣé ó ti sùn ni, bí àwọn òbí ṣe máa ń bi wá létí pápá. Ẹ̀rín àwọn àgbà rọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi dìde, ó gbọn yangí kúrò lórúnkún, ó sì wo ọ̀dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀. Kò jáde kúrò lórí pápá. Ó gbá a títí rẹfirí fi fọn fèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi fún mi ní ròóbù pé kí n gbé e lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ń bá a fi pa ẹ̀gbẹ́ orúnkún níbi tí kò bó.

"Nígbà tí mo ṣubú," ó ní, "ìwọ lo kọ́kọ́ ké."

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Nínú gbogbo ariwo yẹn, ohùn tìrẹ nìkan ni mo gbọ́ ní àgbọ́yé." Ó na ẹsẹ̀ kan, ó fajú ro. "Ìyá Kékeré, n ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi."

Mo gbé ojú sókè. Ó wá sọ fún mi pé kékeré ni bàbá òun kú, wọ́n sì fi òun síṣẹ́ télọ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun ṣì ń sá kiri. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun kọjú sí pápá kan. Òun á máa rán etí aṣọ, òun á máa wò wọ́n lójú fèrèsé. Ọ̀gá náà kò gbà kí òun jáde, ṣùgbọ́n ó ní rédíò, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. "Etí ni mo fi mọ bọ́ọ̀lù," ni bàbá mi wí. "N ò fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n." Ó fọwọ́ kan orúnkún. "Bọ́ọ̀lù yẹn ń bọ̀, gbogbo wọn ń pariwo, ojú mi sì ṣú. Ṣé bó ṣe máa ń rí fún ọ nìyẹn?"

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀ ni fún bàbá mi. Mo ní, "Nígbà mìíràn, sà."

"Nígbà mìíràn," ó tún un sọ, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kò tọrọ àforíjì. Ní ilé wa, mi ò tíì rí bàbá tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tó ṣe ni pé ó kó àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ká wọn pọ̀, ó fi okùn dì wọ́n róbótó bí bọ́ọ̀lù, ó gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ. "Wá fi bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ hàn mí," ó ní. Mo dúró tì í. Mo ní kó má fi ọmọńdinrín gbá a, kó fi ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ tì í, kó sì wo bọ́ọ̀lù, kó má wò mí. Ó tì í. Ó yí wá bá mi. Mo tì í padà. A ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì, ìyá mi sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè bóyá a ò fẹ́ jẹun lónìí ni.

Ó padà wá sí pápá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. N ò ní parọ́ fún yín pé ó di ẹni tuntun. Bí eré bá gbóná, á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀—" á sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ mìíràn, kì í rántí bo ẹnu, inú mi á sì tún lọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí ọ̀rọ̀ kan tó lè fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú, ìbáà jẹ́ tiwa tàbí tiwọn, "Pẹ̀lẹ́ o!" Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sí òfuurufú, "Pẹ̀lẹ́ o!" Nígbà tí wọ́n jẹ góòlù méjì sí wa lọ́jọ́ kan, tí ọ̀rẹ́ mi jókòó sílẹ̀ nínú ilé tó ń sunkún, bàbá mi rìn yí pápá ká lọ sẹ́yìn àwọ̀n. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ṣe é dáadáa. Dìde." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn àwọ̀n ló sábà máa ń dúró sí, ó ń wo ọ̀rẹ́ mi. Mo jowú díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sì di aṣọ́lé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ń bẹ̀rù.

A kò gba ife kankan. A já bọ́ nígbà tó kù díẹ̀, nílé ara wa, lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù wá lọ. Olùkọ́ wa ṣí lọ sí ibòmíràn kí n tó jáde ilé-ẹ̀kọ́. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kó àwọn ọmọbìnrin kéékèèké jọ, mo ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù.

Àwọn òbí wọn ń wá. Àwọn kan ń pariwo. Wọ́n jù mí lọ, n ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Mo máa ń kí wọn dáadáa, n óò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi di ike omi mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn kan ń wo fóònù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ wọn ń wò wọ́n bí àwọn ọmọ tó kù ṣe ń wo àwọn tó ń pariwo. N ò tíì mọ èwo ló wúwo jù lórí ọmọ nínú méjèèjì.

Sátidé tó kọjá, ọmọ kan ṣubú láàárín pápá. Kó tó dìde, bàbá rẹ̀ ti sá wọlé pẹ̀lú bàtà aláwọ tó wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fọn fèrè, mo dá eré dúró. Bàbá náà ń bi í pé ṣé ibí ni, ṣé ọ̀hún ni. Ọmọ náà ń sọ pé rárá, kò dun òun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára bàbá rẹ̀. Ó ń yọjú lé èjìká rẹ̀, ó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Bàbá náà rí i. Ó dìde, ó rìn padà sẹ́yìn ìlà, ó ní kí n má bínú. Mo ní kò burú, mo sì fọn fèrè.